Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Ìdérí Ẹnu Fáàfù Táyà Ọ̀kadà

Nínú àwọn lẹ́tà tí ó tẹ̀ wá lọ́wọ́ lóṣù yìí, táyà ni èyí tí ó pọ̀ jù dá lé lórí, ó sì dùn mọ́ mi púpọ̀ pé ìdérí kékeré tí a ń dé mọ́ ẹnu fáàfù ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà ní Abẹ́òkúta ń torí rẹ̀ bá ara yín jiyàn. Mo ti to àwọn ìbéèrè náà jọ síbí yìí. Mo yọ orúkọ àwọn tí ó kọ wọ́n kúrò, mo sì gé àwọn tí ó gùn kúrú, ṣùgbọ́n n kò yí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni po.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ níbi tí a ti ń dúró de èrò ní Ọ̀bàńtokò, a kò sì tíì rí i parí. Ẹnìkan nínú wa ní fáàrí lásán ni ìdérí ẹnu fáàfù, pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń gun ọ̀kadà òun láìní i, afẹ́fẹ́ kò sì jò. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, pé ìdérí yẹn gan-an ni ó ń di afẹ́fẹ́ mú, àti pé bí ó bá bọ́ lójú ọ̀nà, kí ènìyàn yáa dúró kó má gùn ún lọ mọ́. Ta ni ó jàre? (Ọlọ́kadà kan, Ọ̀bàńtokò)

Ìdáhùn: Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó jàre tán nínú wọn. Ohun tí ó ń di afẹ́fẹ́ mú nínú táyà ni píìnì tí ó wà nínú fáàfù. Bí ẹ bá yọ ìdérí, tí ẹ sì yọjú wo inú ẹnu fáàfù náà lójúmọmọ, ẹ óò rí irin ṣóńṣó kan tí ó dúró sí àárín. Orí píìnì nìyẹn. Sípíríǹgì tín-ín-rín kan wà lára rẹ̀, rọ́bà kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ó ń dí ihò. Sípíríǹgì ń fa rọ́bà yìí mọ́ ibi tí ó yẹ kí ó jókòó sí, afẹ́fẹ́ inú táyà náà sì ń tì í láti ìsàlẹ̀, débi pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe le tó ni ihò náà ṣe ń dí pinpin tó. Nígbà tí fọgánáísà bá ki ẹnu pọ́ǹpù bọ fáàfù, orí píìnì ni ó ń tẹ̀ kí ọ̀nà tó ṣí fún afẹ́fẹ́. August Schrader, ọmọ Jámánì tí ó lọ tẹ̀dó sí New York, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe irú fáàfù yìí. Ọdún 1893 ni wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, irú rẹ̀ náà ni ó sì wà lára ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ títí di òní.

Nítorí náà, bí ìdérí bá bọ́ lójú ọ̀nà, kò sí ìdí láti dúró. Ẹ gbé èrò yín dé ibi tí ó ń lọ, kí ẹ wá òmíràn dé e kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní fáàrí ni, òun ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù, nítorí pé èrò tirẹ̀ ni yóò ná an lówó. Ẹ wo àwọn ọ̀nà tí a ń gbà. Bí ẹ bá ti yà kúrò lórí títì ní Ọ̀bàńtokò tàbí ní Àsẹ̀rò, ilẹ̀ pupa ni. Nígbà ọyẹ́, eruku rẹ̀ á bo táyà, sípóòkù àti ẹsẹ̀ ẹni tí ó ń gun máṣíìnì. Nígbà òjò, táyà á máa ta ẹrẹ̀ rẹ̀ sókè, inú ríìmù sì ni fáàfù wà, níbi tí ẹrẹ̀ náà ti ń kó jọ sí. Bí ẹnu fáàfù bá ṣí sílẹ̀, iyanrìn á wọ̀ ọ́, kò sì ní ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Á kàn jókòó síbẹ̀. Ọjọ́ tí fọgánáísà bá ki pọ́ǹpù bọ̀ ọ́ ni afẹ́fẹ́ tí ó ń wọlé á gbá iyanrìn náà lọ sísàlẹ̀, sí àárín rọ́bà píìnì àti ibi tí ó ń jókòó sí. Hóró iyanrìn kan ṣoṣo ti tó kí rọ́bà náà má lè dí dáadáa mọ́.

Ohun tí ó burú nínú irú jíjò yìí ni pé kì í hàn. Táyà kì í fọ́, ìṣó kò gún un, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ óò rí i pé ó ti rọ̀. Ẹ óò fẹ́ ẹ, á tún rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Fọgánáísà á tú táyà, á yọ tíúbù, á tì í bọ omi, kò sì ní rí ojú ibi tí ó jò, bẹ́ẹ̀ ẹ ti san owó iṣẹ́. Mo ti rí ẹni tí ó pààrọ̀ tíúbù tuntun sí i nígbà tí ó jẹ́ pé píìnì ni kò dí.

Níbo wá ni òótọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì wà? Ìdérí oríṣi méjì ni ó wà lọ́jà. Ẹ yí èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín sókè kí ẹ wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí òrùka rọ́bà pẹlẹbẹ kan ní ìsàlẹ̀ ihò rẹ̀, ìdérí náà lè dá afẹ́fẹ́ dúró fúnra rẹ̀, ilẹ̀kùn kejì ni lẹ́yìn píìnì. Bí píìnì bá ń jò díẹ̀, irú ìdérí bẹ́ẹ̀ lè gbà yín dé ọ̀dọ̀ fọgánáísà. Bí kò bá sí rọ́bà nínú rẹ̀, eruku àti omi nìkan ni ó ń lé. Èmi a máa gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n ra èyí tí ó ní rọ́bà, nítorí pé ìyàtọ̀ owó wọn kò tó nǹkan.

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi, táyà ẹ̀yìn mi máa ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnìkan kọ́ mi pé kí n ya ọ̀rá omi píọ̀wọ́tà, kí n fi bo ẹnu fáàfù, kí n wá dé ìdérí lé e lórí kó le dáadáa. Láti ìgbà náà ni kò ti rọ̀ mọ́. Ṣé ewu wà níbẹ̀? (Ẹni tí ó ń fi ọ̀kadà kó ẹrù ọjà, Lafẹ́nwá)

Ìdáhùn: Ewu wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọgbọ́n tí a fi ń délé ni ọ̀rá yẹn, kì í ṣe ohun tí a ń gbé pẹ̀lú. Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ píìnì, ẹ sì ti gbé e fún ìdérí oníke. Bí òkúta bá ta lu ìdérí náà, tàbí tí ó là nínú oòrùn, gbogbo afẹ́fẹ́ tí ó ń dá dúró á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nígbà tí àpò ẹrù ṣì wà lẹ́yìn yín lórí afárá odò Ògùn, tí mọ́tò sì ń tẹ̀ lé yín.

Ẹ jẹ́ kí a wá orísun rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ bí àwọn fọgánáísà ṣe máa ń tutọ́ sí orí ìka, tí wọ́n á fi kan ẹnu fáàfù, tí wọ́n á sì tẹjú mọ́ ọn bóyá yóò hó. Ọ̀nà náà dára, ó sì yá, ṣùgbọ́n mo fẹ́ omi ọṣẹ jù ú lọ, nítorí pé omi ọṣẹ á lọ yíká fáàfù, á sì fi ohun tí itọ́ kò lè fihàn hàn. Ẹ fẹ́ táyà náà kó le, kí ẹ yọ ìdérí, kí ẹ kán omi ọṣẹ sí ẹnu fáàfù àti sí ìdí rẹ̀ níbi tí ó ti wọ inú ríìmù, kí ẹ sì ní sùúrù díẹ̀. Bí ìfófòó bá ń yọ láti ẹnu, píìnì ni. Bí ó bá jẹ́ ìdí rẹ̀ ni ó ti ń yọ, ó ṣeé ṣe kí fáàfù ti máa ya kúrò lára tíúbù, tíúbù tuntun sì ni oògùn rẹ̀. Bí kò bá sí ìfófòó níbì kankan, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú táyà wá ibi tí ó gún.

Bí ó bá jẹ́ píìnì, ẹ má tíì pààrọ̀ rẹ̀. Wíwé ni wọ́n ń wé e wọlé, ó sì lè jẹ́ pé ó kàn dẹ̀ ni. Kọ́kọ́rọ́ kékeré tí orí rẹ̀ là sí méjì ni wọ́n fi ń fún un. Àwọn ìdérí onírin kan wà tí wọ́n ṣe orí wọn bẹ́ẹ̀ gan-an, tí ènìyàn lè yí wọn padà kí ó fi fún píìnì. Ẹni tí ó bá rí irú rẹ̀ kó fi ọ̀kan pamọ́ sábẹ́ ìjókòó máṣíìnì rẹ̀. Ẹ fún un wẹ́rẹ́, ẹ má fi agbára ṣe é. Bí ó bá tún jò lẹ́yìn èyí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kò wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ píìnì lára táyà tí afẹ́fẹ́ ṣì kún inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ orí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde tán, nítorí pé bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, píìnì náà á fò jáde pẹ̀lú ipá, ó sì lè bá ojú ènìyàn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ra ìdérí fáàfù onírin tí ó ń dán, tí wọ́n ṣe bí ọmọ lúdò alámì, ó sì fi wọ́n sí ẹsẹ̀ méjèèjì máṣíìnì tí mo ń gùn lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n rẹwà lójú mi. Bàbá rẹ̀ ní kí n yọ wọ́n dànù, pé wọ́n á ba táyà jẹ́. Kí ni kí n ṣe? (Olùkọ́ kan, Òṣíẹ̀lẹ̀)

Ìdáhùn: Ẹ kú ọmọ o, ìyá wa. Kí ẹ tó yọ wọ́n, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo fáàfù náà. Bí ó bá jẹ́ irin láti ẹnu dé ibi tí ó ti wọ ríìmù, tí ojú ìwé, ìyẹn àwọn ìlà tí a fi ń wé ìdérí mọ́ ọn, sì wà lára rẹ̀ jálẹ̀, fáàfù tíúbù nìyẹn, ìwúwo ìdérí kò ní pa á lára. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà dúdú ni ó pọ̀ jù lára rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ nìkan jẹ́ irin, táyà tí kò ní tíúbù ni ẹ ní, ọ̀rọ̀ bàbá wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ẹsẹ̀ máṣíìnì bá ń yí, gbogbo ohun tí ó wà lára rẹ̀ ni ìyípo náà ń jù síta, síhà táyà. Lára ẹsẹ̀ ọ̀kadà oní-ínṣì 17 tí ó ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan, agbára tí ń fa ìdérí fáàfù ju ìlọ́po 100 ìwúwo rẹ̀ lọ. Ìdérí tí ó wọn gíráàmù 5 lórí àtẹ́lẹwọ́ á wá máa ti fáàfù náà pẹ̀lú ìwúwo tí ó lé ní ìdajì kílò. Irin lè gbà á mọ́ra. Rọ́bà á máa tẹ̀, á máa nà, títí yóò fi sán ní ìdí. Agbára kan náà ni ó mú kí àwọn tí ń fi alùpùpù sá eré ìje, ní ibi tí eré wọn ti ń tó kìlómítà 300 ní wákàtí kan, máa lo ìdérí onírin tí ó ní rọ́bà nínú, nítorí pé irú eré bẹ́ẹ̀ lè ti píìnì fúnra rẹ̀ kúrò ní ìjókòó. Ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀ kò pè fún ìyẹn.

Ohun kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdérí tí ń dán wọ̀nyí jẹ́ alumíníọ̀mù, idẹ sì ni ẹnu fáàfù. Bí omi òjò bá há sí àárín àwọn méjèèjì fún ìgbà pípẹ́, alumíníọ̀mù á máa jẹrà, á yọ ìyẹ̀fun funfun, á sì lẹ̀ mọ́ idẹ náà débi pé ọwọ́ kò ní lè yí i mọ́. Fọgánáísà á wá mú píláyà, á fi agbára lọ́ ọ, fáàfù á sì lọ́ tẹ̀ lé e já kúrò lára tíúbù. Nítorí náà, bí fáàfù yín bá jẹ́ onírin, ẹ jẹ́ kí ẹ̀bùn ọmọ yín wà níbẹ̀, kí ẹ fi girísì bíńtín kan ojú ìwé rẹ̀, kí ẹ sì máa tú u dé e lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí ó bá jẹ́ onírọ́bà, ẹ fi oníke rọ́pò wọn. Ẹ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ọmọ náà, nítorí pé ọmọ tí ó ń ronú kan ẹsẹ̀ máṣíìnì ìyá rẹ̀ yẹ ní ẹni tí à ń kọ́ síwájú sí i.

Ìbéèrè: Fáàfù táyà ẹ̀yìn mi dá sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò dúró ṣánṣán mọ́. Fọgánáísà mi fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ mọ́ ríìmù pinpin, ó ní kò ní lè yẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ sí i, fáàfù já kúrò lára tíúbù lójú ọ̀nà Àdátán. Ṣé tíúbù gbàǹjo ni wọ́n tà fún mi? (Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ìbarà)

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dá ẹni tí ó ta tíúbù lẹ́bi, àbúrò. Fáàfù tí ó dá sí ẹ̀gbẹ́ ń sọ nǹkan fún yín, nọ́ọ̀tì tí wọ́n fún sì ni kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ.

Bí afẹ́fẹ́ táyà bá kéré, táyà kì í di ríìmù mú dáadáa. Ìlú wa kì í sì í ṣe ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹni tí ó bá gbé èrò gòkè láti Ìtòkú lọ sí ìhà Olúmọ, tí ó tún padà sọ̀ kalẹ̀, mọ bí ó ṣe máa ń fi agbára fa iná nígbà tí ó ń gòkè, tí ó sì máa ń tẹ bíréèkì nígbà tí ó ń sọ̀. Bí ẹ bá fa iná, ríìmù fẹ́ yí, ilẹ̀ sì di táyà mú; bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ríìmù fẹ́ dúró, ilẹ̀ sì ń yí táyà lọ. Nínú méjèèjì, táyà tí kò le tó á wá máa yọ̀ lórí ríìmù díẹ̀díẹ̀. Tíúbù á tẹ̀ lé táyà, ṣùgbọ́n ẹnu fáàfù wà nínú ihò ríìmù, kò lè kúrò níbẹ̀. Bí ó ṣe ń dá sí ẹ̀gbẹ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n wá fún nọ́ọ̀tì mọ́ ríìmù, fáàfù kò lè dá mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tíúbù kò dẹ́kun ìrìn rẹ̀, ibi tí rọ́bà ti pàdé irin ni ó sì ti ya.

Bí ó ṣe yẹ kí ẹ ṣe é nìyí nígbà tí ẹ bá fi tíúbù tuntun sí i. Nọ́ọ̀tì yẹn wúlò nígbà tí wọ́n bá ń fi táyà sínú ríìmù, kí fáàfù má baà sá wọ inú lọ. Bí wọ́n bá ti parí, tí wọ́n sì ti fẹ́ ẹ tán, ẹ tú nọ́ọ̀tì náà kúrò lára ríìmù, ẹ wé e gòkè títí yóò fi kan ìdérí, kí àwọn méjèèjì fún ara wọn mú níbẹ̀. Ìdérí kò ní já bọ́, fáàfù á sì ní àyè láti dá bí nǹkan bá ń ṣe táyà. Láàárọ̀, kí ẹ tó ṣíná, ẹ wo fáàfù ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá ti ń dá, ẹ tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí fọgánáísà ti táyà padà sí ipò rẹ̀, kí ẹ sì fẹ́ ẹ dé iye gééjì tí ó yẹ. Ẹ bá fọgánáísà yín sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó fún nọ́ọ̀tì náà nítorí pé ó fẹ́ kí iṣẹ́ òun dúró.

Ìbéèrè: Gééjì mélòó ni ó yẹ kí a máa fún Bajaj? Àwọn kan ní 40, kó má baà tètè rọ̀. (Ọlọ́kadà kan, Sàpọ́n)

Ìdáhùn: 40 ti pọ̀ jù. Ìwé tí ó ń bá Bajaj Boxer wá sọ pé 25 ni ti iwájú. Ti ẹ̀yìn jẹ́ 28 bí ẹ bá dá nìkan gùn ún, ó sì di 32 bí ẹ bá gbé èrò. Táyà tí ó le jù á máa tọ lórí òkúta, àárín rẹ̀ nìkan ni yóò sì máa jẹ, èyí tí kò dára fún bíréèkì nínú òjò. Àárọ̀, kí táyà tó gbóná, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, nítorí pé táyà tí ó ti sáré máa ń fi iye tí ó ga ju bí ó ṣe wà lọ hàn. Ní ti àwọn tí ó bi mí léèrè gééjì tí a ń fún un fún èrò méjì, kò sí i. Èrò kan ni wọ́n ṣe é fún.

Ìbéèrè: Mo rí ọkọ̀ tí gbogbo ìdérí fáàfù rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣé kí èmi náà fi sí ọ̀kadà mi? (Òǹkàwé kan, Òkè-Ìléwó)

Ìdáhùn: Àmì pé nitrogen ni wọ́n fẹ́ sínú táyà náà ni, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Afẹ́fẹ́ tí fọgánáísà ń fẹ́ fún yín lójoojúmọ́ ti ní i tó ìdá 78 nínú 100. Ẹ fi owó yẹn ra píìnì àti ìdérí tí ó dára.

Ìbéèrè: Bí mo bá ti lọ fẹ́ táyà, ìdérí kan á sọnù. Mo ti ń fi ìdérí bírò ọmọ mi dí i. Ṣé kò burú? (Bàbá arúgbó kan tí ó ṣì ń gun máṣíìnì, Ìtòkú)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, bàbá. Ìdérí bírò sàn ju kó wà ní ṣíṣí sílẹ̀ lọ fún wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ojú ìwé, á sì já bọ́. Ohun mìíràn tí ó burú sí i ni kí ènìyàn fi igi tàbí bébà dí ẹnu fáàfù, nítorí pé ohunkóhun tí ó bá kan orí píìnì á máa tú afẹ́fẹ́ jáde láìjẹ́ kí ẹ mọ̀. Ojú ìwé ìdérí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ti ọ̀kadà kan náà ni, nítorí náà ẹ lè gba ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ní mọ́tò. Nígbà mìíràn tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ fọgánáísà, ẹ fúnra yín ni kí ẹ tú ìdérí náà, kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí sórí táńkì. Àtẹ́lẹwọ́ yín ni kó wà títí wọn óò fi fẹ́ táyà tán. Kí ẹ tó dé e padà, ẹ gbọn ún, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu kí iyanrìn jáde, kí ẹ sì fi ìka wé e títí yóò fi dúró, láìlo píláyà.